Páì Tí Mo Ṣe fún Ìyá Àgbà

Òórùn ló jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù karùn-ún, ìgbà tí òtútù ti ń kúrò nílẹ̀ ní Camp Springs, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ará àdúgbò sì ti ń ṣí fèrèsé wọn sílẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé tí èmi àti Mọ́mì háyà. Ìdajì yàrá náà wà nínú ilẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo sì ga lára ògiri débi pé koríko àti bàtà àwọn tó ń kọjá nìkan la máa ń rí níta. Ojú fèrèsé yẹn ni òórùn náà gbà wọlé. Ó kan, ó sì dùn, àfi bí ẹni pé ẹnì kan bọ ìṣápá tán, tó wá da ṣúgà lé e lórí. Kí n tó lajú tán, mo ti pe Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà kò dáhùn, torí Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà. Àwọn ni ìyá tó bí Mọ́mì. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí Mọ́mì gbé mi lé wọn lọ́wọ́ nínú agbo ilé wa ní Ìṣokùn, tí Mọ́mì sì wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Amẹ́ríkà. Bàbá mi ti kú kí n tó gbọ́n dé ibi tí mo lè fi rántí ojú wọn. Ọdún méje gbáko ni èmi àti Ìyá Àgbà fi sùn lórí ẹní kan náà. Àwọn ló ń wẹ̀ mí, àwọn ló ń di irun mi, bí mo bá sì ń jẹun, wọ́n á fa àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á ní, "Jẹun kí n rí i." Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbin ìṣápá funfun sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sè é, wọ́n á fi káún bọ̀ ọ́ kí kíkan rẹ̀ lè rọlẹ̀, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo agbo ilé kan. Bí mo bá ń bọ̀ láti ilé ìwé, láti ìdí ẹ̀rọ omi ni mo ti ń mọ ohun tí a máa jẹ lálẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ìwé ìrìnnà mi jáde, tí Mọ́mì ní kí wọ́n mú mi wá. Ní pápákọ̀ òfuurufú, obìnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú gbá mi mọ́ra. Mo mọ̀ pé Mọ́mì ni, mo ti rí fọ́tò wọn lára ògiri Ìyá Àgbà. Wọn ò sunkún. Wọ́n yẹ ojú mi wò, wọ́n yẹ etí mi wò, wọ́n di bọ́tìnnì ẹ̀wù mi dé ọrùn, wọ́n ní, "Ó yá, jẹ́ ká máa lọ." Mo rò ó nínú ara mi pé Ìyá Àgbà ì bá ti sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu mi kò gbà láti pè wọ́n ní Mọ́mì. Bí mo bá fẹ́ nǹkan, màá lọ dúró níwájú wọn títí wọ́n á fi gbójú sókè. Wọ́n mọ̀. Wọn ò fìgbà kan bi mí ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ ló gba Mọ́mì lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní Upper Marlboro, wọ́n sì tún ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọn ò kéré mọ́ nígbà yẹn. Àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, púpọ̀ nínú wọn lè jẹ́ ọmọ Mọ́mì. Ní Sátidé, Mọ́mì ti jáde kí ojúmọ́ tó mọ́, kí wọ́n sì tó lọ, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tún un sọ fún mi: "Má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni tí mo wí yẹn, ẹnikẹ́ni ni o." Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń pa òfin yẹn mọ́. Mo máa ń jókòó sórí ibùsùn, mo máa ń gbọ́ bí ọkọ̀ òfuurufú àwọn sójà ṣe ń bú ramúramù lókè ilé, mo sì máa ń ka ìwé kan náà tán, kí n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òórùn yẹn ló ṣílẹ̀kùn. Mo jáde láìwọ bàtà. Mo tọ òórùn náà gba ẹ̀gbẹ́ ilé, mo gba ẹnu géètì kékeré kan tí kò tì, mo sì bá ara mi lẹ́yìn ilé kejì sí tiwa, níwájú ilẹ̀kùn tó jẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ìyá arúgbó òyìnbó kan wà nínú ilé ìdáná. Wọ́n ga, irun wọn funfun bí òwú, fùláwà sì bo ọwọ́ wọn dé ìgúnwọ́. Wọn ò bi mí ẹni tí mo jẹ́. Wọn ò bi mí ibi tí ìyá mi wà. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n wò, wọ́n wọlé lọ, wọ́n sì mú ìbọ̀sẹ̀ onírun kan wá tó nípọn bí àkàrà.

Bí mo ṣe mọ Màmá Ínga nìyẹn. Wọ́n ní Ínga ni kí n máa pe àwọn, kò sì ṣeé ṣe, torí kò sí bí ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe máa pe ẹni tó tó Ìyá Àgbà ní orúkọ lásán. Ọmọ Dẹ́nímáàkì ni wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì wọn wúwo lẹ́nu, ó sì lọ́ lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni tèmi jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìṣokùn, tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Camp Springs máa ń fi rẹ́rìn-ín. Bóyá ohun tó jẹ́ kí a ní sùúrù fún ara wa nìyẹn. Bí ọ̀kan nínú wa bá sọ̀rọ̀, èkejì á dúró kó rò ó.

Wọ́n fà mí lọ sídìí tábìlì. Igi ewéko kan wà níbẹ̀ tó gùn tó apá mi, pupa láti ìdí, tó ń di àwọ̀ ewé bó ṣe ń lọ sókè. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n bu ṣúgà sínú ife kékeré, wọ́n ní kí n kì í bọ ṣúgà kí n sì gé e jẹ. Bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń jẹ ẹ́ nílùú àwọn nìyẹn. Kíkan rẹ̀ gbá mi létí, omi dé ojú mi, mo sì pariwo, "Ìṣápá!"

Màmá Ínga ní kí n tún un pè. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n wá sọ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní rúbáàbù, ṣùgbọ́n ní èdè àwọn, rabábà ni. Mo rẹ́rìn-ín, torí ó dùn lẹ́nu mi bí orúkọ ènìyàn. Láti ọjọ́ yẹn, a ò pè é ní nǹkan mìíràn láàárín ara wa.

Ẹnu páì tí Màmá Ínga fi rabábà yan ni mo wà nígbà tí Mọ́mì dé. Wọ́n ti délé, wọ́n ti bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀, ibùsùn òfìfo. Wọ́n ti sáré yí gbogbo àdúgbò ká nínú aṣọ iṣẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ohùn mi. Nígbà tí wọ́n yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì náà, àyà wọn ń lọ sókè sódò. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Màmá Ínga, wọ́n sì kúnlẹ̀ láti kí ìyá arúgbó náà, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì. Màmá Ínga rò pé wọ́n ṣubú ni. Wọ́n sáré fa Mọ́mì lápá dìde, wọ́n gbé àga tì wọ́n, wọ́n bu omi fún wọn mu. Wọ́n ní kí Mọ́mì máa fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ní Sátidé àti lẹ́yìn ilé ìwé, pé ilé náà dákẹ́ jù.

Mọ́mì ò nà mí. Nígbà tí a ń padà lọ sílé, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú débi pé ó ń dùn mí. Wọ́n ní, "Mojí, bí n bá sọ ẹ́ nù níbí, kí ni mo fẹ́ sọ fún Ìyá Àgbà?" Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo ní nínú ara mi pé, bí mo bá sọ nù, Ìyá Àgbà nìkan ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Ọdún kan ni mo fi wà lẹ́yìn Màmá Ínga bí òjìji. Ọkọ wọn, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, jẹ́ sójà òfuurufú. Jámánì ni wọ́n ti pàdé, ó sì fẹ́ wọn wá sí Camp Springs nígbà tí wọ́n gbé e wá sí ibùdó tó wà níhìn-ín. Ó ti kú. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí fún un wà ní Texas. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ní Dẹ́nímáàkì, Màmá Ínga ò padà síbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa jáde wá pàdé àwọn lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ń wọn fùláwà, wọ́n máa ń kà á ní èdè wọn, wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń gbàdúrà. Èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka tèmi ní Yorùbá. A ó jọ máa kà á lọ bẹ́ẹ̀, ife dé ife, láìgbọ́ ara wa, a ó sì jọ parí rẹ̀ sórí iye kan náà.

Ibi tí ilé ti ń ṣíji bo ilẹ̀ ni wọ́n gbin rabábà sí, níbi tí oòrùn ọ̀sán kì í dé. Ewéko ilẹ̀ òtútù ni, ooru Maryland a máa pa á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kó tó gbà. Nínú oṣù keje, wọ́n á na aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun kan tó ti gbó lé e lórí, wọ́n á máa bu omi sí i láàárọ̀. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ṣùgbọ́n májèlé ni. Igi rẹ̀ nìkan ló ṣeé jẹ. A kì í fi ọ̀bẹ gé e. A máa di ìdí rẹ̀ mú, a máa lọ́ ọ díẹ̀, a máa fà á, á sì yọ pẹ̀lú ìró kékeré kan. Tí oṣù kẹfà bá ti dé ìdajì, a ò gbọdọ̀ fà á mọ́, kó lè sinmi de ọdún tó ń bọ̀.

Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé bọ́tà tó tutù sínú fùláwà àti ṣúgà, bí wọ́n ṣe ń fi orí ìka nìkan rún un títí á fi dà bí gàrí, torí àtẹ́lẹwọ́ gbóná jù. A ó fi ẹyin kan pò ó, a ó ká a sínú ọ̀rá, a ó tì í sí fíríìjì. Bó bá ń sinmi, a ó lọ álímọ́ǹdì, èso kan tó jọ ẹ̀pà, kúnná, a ó pò ó mọ́ bọ́tà, ṣúgà àti ẹyin, òun la ó tẹ́ sínú abọ́ lórí fùláwà tí a ti yí pẹlẹbẹ. Rabábà tí a gé ní ìwọ̀n àtàǹpàkò la ó wá tò lé e lórí, ẹsẹẹsẹ, bí ẹní. A kì í fi nǹkan bò ó bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe. Bó bá jinná, álímọ́ǹdì á ti wú sókè yí rabábà ká, etí rẹ̀ á pọ́n, a ó sì fi kírímù wàrà tí kò ní ṣúgà jẹ ẹ́. Màmá Ínga ní nílé àwọn létí òkun, òun ni ohun tútù àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ ń yọ lẹ́yìn òtútù, àti pé ìyá àwọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi í sẹ́nu.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Mọ́mì máa ń ra káàdì kan tí a ń họ ẹ̀yìn rẹ̀, a ó sì pe ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n máa ń gbé fóònù fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà máa ń pariwo sínú fóònù bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò. Wọ́n á bi mí ohun tí mo jẹ. Mo ti sọ fún wọn nípa rabábà, wọn ò gbà pé òyìnbó ní ìṣápá. Wọ́n ní kí n mú un wá kí àwọn fi ẹnu ara àwọn tọ́ ọ wò.

Nígbà tó di ọdún kejì, bí òtútù ṣe ń parí lọ, a ò pè mọ́. Mọ́mì ní fóònù ẹ̀gbọ́n àwọn ti bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní kò sí nẹ́tíwọọ̀kì. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń kọ ọ́, màá dì í, màá sì fún Mọ́mì kí wọ́n bá mi fi ránṣẹ́. Wọ́n á gbà á, wọ́n á fi sínú báàgì. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ìdánwò nọ́ọ̀sì ni mo rò pé ó fà á.

Nínú oṣù karùn-ún, wọ́n kéde nínú ìjọ wa pé alàgbà kan ń lọ sílé, sí Ọ̀yọ́ gan-an, ẹni tó bá ní ẹrù kékeré kó gbé e wá. Orí mi wú. Ọjọ́ kan náà ni mo pinnu pé màá ṣe páì rabábà fún Ìyá Àgbà, èmi nìkan, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. N kò sọ fún Mọ́mì. Mo fẹ́ kó bá wọn lójijì.

Ní Sátidé, mo ní kí Màmá Ínga jókòó kí wọ́n máa wò mí. Wọ́n jókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ wọn lórí ẹsẹ̀. Èmi ni mo fa rabábà, èmi ni mo rún bọ́tà, èmi ni mo tò ó. Ìgbà tí mo ti páì náà sínú ófùnù tán ni mo sọ ẹni tí mo ń ṣe é fún, àti bí alàgbà ṣe máa gbé e lọ. Ẹ̀rín kúrò lójú Màmá Ínga. Wọ́n bi mí bóyá ìyá mi mọ̀. Mo ní rárá. Wọ́n dìde, wọ́n lọ dúró ní ojú fèrèsé, wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Mo rò pé inú ń bí wọn pé mo lo álímọ́ǹdì wọn láìtọrọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ kàn mí lórí.

Nígbà tí Mọ́mì dé, páì ti tutù. Mo ti wá bébà àti páálí tí mo máa fi dì í. Màmá Ínga pàdé Mọ́mì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn ti pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ bí Mọ́mì ṣe bẹ àwọn, kò sí ohun tí Mọ́mì máa ní kí àwọn ṣe tí àwọn ò ní ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ò lè bá ọmọ yìí di páì yìí. Wọ́n wá ṣí ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì, wọ́n bọ́ sínú ọgbà, wọ́n fi wá sílẹ̀.

Mọ́mì jókòó sí iwájú mi pẹ̀lú báàgì wọn lọ́rùn. Wọ́n wo páì náà.

"Mojí," wọ́n ní, "Ìyá Àgbà ò sí mọ́."

Mo ní, "Níbo ni wọ́n lọ?"

"Wọ́n ti kú. Wọ́n ti sin wọ́n."

Mo béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ó ti lé lóṣù méjì. Mo béèrè lẹ́tà mi. Mọ́mì ṣí báàgì, wọ́n sì tò wọ́n sórí tábìlì, gbogbo wọn, bí mo ṣe dì wọ́n gẹ́lẹ́ ni wọ́n wà. Mo wo àpòòwé wọ̀nyẹn. Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa fún mi láti ọjọ́ yìí wá. Mo wá sọ èyí tí n kò tíì dárí ẹ̀ ji ara mi. Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́ ni ìyá mi. Ìyá mi ló kú."

Mo retí ìgbátí. Mọ́mì ò gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ìyá tèmi náà ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró. Títí di ọjọ́ náà, kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé Mọ́mì náà ti sùn lórí ẹní yẹn, pé ọwọ́ kan náà ló di irun wọn. Wọ́n wá sọ ìyókù. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n sin Ìyá Àgbà ni àwọn wà nínú yàrá ìdánwò, tí àwọn ń dáhùn ìbéèrè nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àgbàlagbà. Bí àwọn bá fi ìdánwò náà sílẹ̀, ọdún kan gbáko ló lọ, kí àwọn sì tó débẹ̀, wọn ì bá ti sin wọ́n tán. Wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ń múra láti sọ fún mi, tí n ó sì gbé lẹ́tà lé àwọn lọ́wọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Mọ́mì wá gbórí lé tábìlì, wọ́n sì sunkún. N kò rí i kí wọ́n sunkún rí. Mo dúró sí òdìkejì tábìlì, n kò lọ sọ́dọ̀ wọn. N kò mọ bí ènìyàn ṣe ń ṣe é.

Nígbà tó yá, Màmá Ínga wọlé, wọ́n gé páì náà sí abọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní nílé àwọn, bí ènìyàn bá kú, wọ́n máa ń jókòó ti àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n á sì jọ jẹun. Àwọn méjèèjì jẹ díẹ̀. N kò fọwọ́ kan tèmi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi bá Mọ́mì sọ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ní Sátidé kan, mo jí, mo bá wọn nílé. Wọ́n ti gba àyè níbi iṣẹ́. Wọ́n jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn mi, wọ́n họ káàdì, wọ́n sì pe ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n wọn sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n má fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n gbé fóònù náà sáàárín etí wọn àti tèmi. A gbọ́ pé ojú oorun ni Ìyá Àgbà kú sí. A gbọ́ ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí Ìyá Àgbà sọ nípa mi ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ohùn wọn sì ń lọ sílẹ̀ nínú fóònù. Mo na ọwọ́ sí fóònù. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n gbọ́."

Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo mọ ohun tí mo sọ. Mọ́mì ò wò mí. Wọ́n gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì rọra fi ọwọ́ kejì yọ okùn irun kan kúrò lójú mi. Ohun tí Ìyá Àgbà béèrè lọ́jọ́ yẹn ni bóyá mo ti sanra.

Mo padà sọ́dọ̀ Màmá Ínga. Ọdún méje la tún fi jọ ṣe páì, títí mo fi wọ yunifásítì, tí orúnkún wọn ò gbà wọ́n láti bẹ̀rẹ̀ mọ́, tí ọmọ wọn sì wá mú wọn lọ sí Texas. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Ọmọ wọn sọ fún mi lórí fóònù pé ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò lẹ́nu wọn pátápátá, èdè wọn nìkan ni wọ́n ń sọ, òun kò sì gbọ́ ju orúkọ oúnjẹ lọ níbẹ̀. Mo fẹ́ bi í irú oúnjẹ wo.

Mọ́mì di nọ́ọ̀sì, wọ́n ṣe é títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún báyìí, ọ̀dọ̀ wa ní Brandywine ni wọ́n sì ń gbé. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n dìde láàárọ̀ kan, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n sì wa ọkọ̀ lọ sí Upper Marlboro, sí ilé ìtọ́jú tí wọ́n ti fi sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Níbi ìgbọ́kọ̀sí ni a ti bá wọn, wọ́n jókòó sídìí ọkọ̀, wọn ò mọ ohun tó kàn. Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń bọ́ lọ lórí wọn díẹ̀díẹ̀. Ohun tó pẹ́ ló kù. Àná kì í kù.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè Ìyá Àgbà lọ́wọ́ mi, mo sọ òtítọ́. Mo rò pé ohun tó yẹ ènìyàn nìyẹn. Èmi tí mo ti bínú tó bẹ́ẹ̀ rí nítorí irọ́. Mọ́mì gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ń bi mí ìdí tí n kò fi tètè sọ fún àwọn, wọ́n ń bi mí bóyá àwọn ṣì lè bá ìsìnkú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti gbàgbé. Wọ́n tún béèrè Ìyá Àgbà.

Ní oṣù tó kọjá, mo rí rabábà nínú ilé ìtajà kan nítòsí wa. Ọ̀rá ni wọ́n fi wé e, kò pupa tó, kò kan tó ti Màmá Ínga. Mo rà á. Ní ọ̀sán Sátidé, èmi àti Tóní, ọmọ mi obìnrin, ṣe páì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ṣùgbọ́n ó ti fara mọ́ ìyá mi débi pé ó ń gbọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Mọ́mì wà ní ìdí tábìlì, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń rún bọ́tà. Nígbà tí òórùn páì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ófùnù, wọ́n gbórí sókè, ojú wọn sì mọ́lẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìgbà wo lo ti Ọ̀yọ́ dé?"

Mo ní, "Ó ti ṣe díẹ̀, Mọ́mì."

"Ìyá wa ńkọ́?"

Tóní tó ń nu orí tábìlì dáwọ́ dúró. Ó ń wò mí, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́, ó ń retí ohun tí màá sọ. Mo mọ bí ó ṣe ń wò mí yẹn. Ní ọjọ́ orí rẹ̀, irọ́ dá yàtọ̀ sí òtítọ́ lójú mi bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru, n kò sì ní àánú àgbàlagbà kankan tó bá ṣì wọ́n mú. Ì bá wù mí kí n ṣì ní ìdánilójú yẹn. Ó wù mí púpọ̀.

Mo ní, "Wọ́n wà dáadáa. Wọ́n ní kí n kí yín."

Mọ́mì mi orí pé àwọn gbọ́. Nígbà tí páì tutù, wọ́n jẹ tiwọn tán, wọ́n fi ìka kó èyí tó kù nínú abọ́, wọ́n sì bi mí bóyá Ìyá Àgbà á lè wá wò wá kí òtútù tó dé. Tóní ṣì ń wò mí. Mo gba abọ́ lọ́wọ́ ìyá mi, mo ní wọ́n ń bọ̀.